Kọ́kọ́rọ́ tuntun dára, àmọ́ ẹ má ju ti tẹ́lẹ̀ nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan lórí èdè wa. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń ka ohun táwọn èèyàn ń kọ sí yín lórí kọ̀ǹpútà quantum, ẹ̀rọ tó ń fi òfin àwọn nǹkan tíntìntín bí átọ́ọ̀mù ṣe ìṣirò, tí wọ́n ní ó ń bọ̀ wá tú àṣírí gbogbo wa síta, àwọn kan ní ká fọkàn balẹ̀ torí ẹ̀rọ náà ò tíì dé, àwọn míì ní kí báńkì àti ìjọba kó gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ pa tẹ́lẹ̀ dànù kíá kí wọ́n bọ́ sórí èyí tuntun tí wọ́n ń pè ní post-quantum, èyí tí wọ́n ṣe kí quantum má lè fọ́ ọ. Iṣẹ́ sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá aápù àti sáìtì lóhùn, ni mò ń ṣe jẹun, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló ṣì í. Ká bẹ̀rẹ̀ báyìí, mi ò rí nǹkan tá a fẹ́ bá ara wa jà sí níbẹ̀ yẹn, àmọ́ ká so tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ká má fi ọ̀kan lé èkejì lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Tẹ́ ẹ bá ṣí aápù báńkì, kí ọ̀rọ̀ kankan tó kọjá, fóònù yín àti sáfà báńkì gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́ kan tí ẹlòmíì ò ní mọ̀, ìta gbangba ni wọ́n sì ti máa ṣe é, lórí nẹ́tíwọ̀kì tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa wò. Pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Whitfield Diffie àti Martin Hellman ló gbé ọ̀nà tí wọ́n lè gbé e gbà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1976, àwọn èèyàn sì ti ń tún un ṣe látìgbà yẹn, èyí tó gbilẹ̀ jù lóde òní ni X25519 tó tọwọ́ Daniel J. Bernstein jáde. Báìtì 32 péré, bíi lẹ́tà 32, ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa fi ránṣẹ́ níbẹ̀. Ó kéré, ó yá, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fọ́ ọ tọ́wọ́ wọn ò bà á.

Àfi ti Peter Shor. Ní 1994 ló ti fi hàn pé tí kọ̀ǹpútà quantum tó tóbi tó bá fi lè wà lọ́jọ́ kan, ìṣirò tó gbé RSA, ọ̀nà ìtìpa míì tó ti pẹ́, dúró àti èyí tó gbé X25519 dúró á yanjú wẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé á rọrùn díẹ̀ sí i o, pé á tú pátápátá ni. Ẹni tó bá wá ní ká kàn jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ náà gùn sí i, ìyẹn ò gba èèyàn lọ́wọ́ Shor, ìṣirò ọ̀tọ̀ pátápátá la nílò. Kọ̀ǹpútà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ò sí lónìí, òótọ́ ni àwọn tó ní ká fọkàn balẹ̀ sọ níbẹ̀ yẹn, mi ò bá wọn jiyàn.

Ohun tí wọ́n gbójú fò ni pé ẹni tó fẹ́ jí ọ̀rọ̀ yín ò dìgbà tó bá ní ẹ̀rọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lè máa gba gbogbo ohun tó ń kọjá lórí wáyà sílẹ̀ bó ṣe wà ní títì pa yẹn, kó tò ó sínú díìsìkì, kó máa dúró. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá dé, á padà sórí ohun tó ti kó jọ, á ṣí ti 2025, á ṣí ti 2026. Torí náà, ìbéèrè pé ìgbà wo ni kọ̀ǹpútà quantum máa dé kọ́ ló yẹ ká máa bi ara wa, ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ọdún mélòó ni ọ̀rọ̀ tí à ń fi ránṣẹ́ lónìí gbọ́dọ̀ fi wà ní àṣírí.

Ẹ wo BVN ná. Ọdún 2014 ló bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ìka ọwọ́ èèyàn wà nínú ẹ̀, ojú èèyàn wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá jí páàsìwọ́ọ̀dù mi, màá pààrọ̀ ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ta ló fẹ́ bá mi pààrọ̀ ìka? Ọmọ ogún ọdún tó lọ tẹ̀ka lónìí, ìka yẹn náà ló máa gbé dé 2060, tó bá sì jẹ́ pé ibi kan wà tí ìka yẹn gbà kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì tó jẹ́ X25519 tàbí RSA nìkan ló dáàbò bò ó, ẹni tó bá gbà á sílẹ̀ ní àyè tó pọ̀ láti fi dúró. Bákan náà ni èsì àyẹ̀wò ọsibítù, bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá lọ́yà rẹ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ aápù tí à ń lò ló sì jẹ́ pé sáfà wọn ò sí nílé, abẹ́ òkun ni ọ̀rọ̀ wa ń gbà lọ sí Yúróòpù kó tó padà wá bá wa. Gbogbo wa la rí i ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 nígbà tí wáyà MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà létí òkun Ivory Coast, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú, tí tiránsífà ò lọ. Ọ̀nà tó jìn bẹ́ẹ̀, àwọn tó lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò lóǹkà.

Ó yá, ẹ jẹ́ n wá sórí ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan àwọn ọ̀nà tuntun yìí, pé wọ́n wúwo, pé wọ́n máa fa fóònù sẹ́yìn, pé ti òyìnbó tó ní fáíbà ni. Èyí tí gbogbo ayé ń bọ́ sí báyìí fún pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni Kyber. NIST, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, ló mú un ní oṣù keje ọdún 2022 lẹ́yìn ìdíje tí wọ́n ti pè láti 2016 tí àbá 69 sì wọlé sí ìpele àkọ́kọ́ ẹ̀, wọ́n tẹ ìwé òfin ẹ̀ jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n pè é ní FIPS 203, wọ́n sì yí orúkọ ẹ̀ sí ML-KEM. Tó bá jẹ́ ti ká ṣírò, ká ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó máa yà yín lẹ́nu pé ML-KEM-768, ìwọ̀n àárín nínú mẹ́ta tó wà (512, 768 àti 1024), yá ju X25519 lọ lórí láàpútọ́ọ̀pù àti sáfà tó wà lóde báyìí. Mo ní ó yá jù ú lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé ó máa jẹ bátìrì tàbí pé sáfà ò ní gbé e, ẹ ní kó lọ wọ̀n ọ́n wò.

Títóbi ni wàhálà ẹ̀. Fóònù tó ń fi báìtì 32 kí sáfà tẹ́lẹ̀ máa wá fi 1,184 ránṣẹ́, sáfà á dá 1,088 padà. Lójú ẹni tó ń wo fídíò lórí fóònù, ìyẹn ò tó nǹkan kan, àwòrán kan ṣoṣo lójú ewé yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju méjèèjì lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tó ti dun àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì. Pákẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ìdì kan nínú èyí tí wọ́n pín ọ̀rọ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sábà gbà ju báìtì 1,500 lọ, ọ̀rọ̀ ìkíni tí bùráúsà máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí sáfà sì ti máa ń wọ inú pákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo látọjọ́ tó ti pẹ́, tá a bá wá gbé 1,184 lé e lórí pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di méjì. Kò sí òfin tó ní kó má di méjì o. Òfin TLS tó ń ti ọ̀rọ̀ pa àti ti TCP tó ń gbé pákẹ́ẹ̀tì gbà á láyè látilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ sọ́fúwíà àwọn firewall kan, àpótí tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì, àti àwọn sáfà kan ti gbà lọ́kàn ara wọn pé pákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ni gbogbo ìkíni, wọ́n kà á tán, wọn ò dúró de èkejì, wọ́n já wáyà mọ́ bùráúsà lójú. Nígbà tí Google wá tan Kyber fún gbogbo Chrome orí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀dà 124 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn èèyàn jí, wọ́n rí i pé àwọn sáìtì kan ò ṣí mọ́, ẹnu ò sì gba nǹkan míì lọ́jọ́ náà ju pé Kyber ba íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́. Kyber ò bà á jẹ́. Àpótí tí wọ́n kọ kóòdù ẹ̀ láìbìkítà ló ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ tẹ́nì kankan ò mọ̀, nǹkan tó tóbi díẹ̀ ló wá tú u fó. Èyí kàn wá nílé gan-an torí irú àpótí bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ọ́fíìsì wa, wọ́n ti rà á tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń ṣe ọ́pdéètì ẹ̀, ẹni tó fi í síbẹ̀ gan-an ti lè kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí nẹ́tíwọ̀kì báńkì àti yunifásítì, ẹ dán wọn wò kí oníbàárà tó bá yín dán an wò.

Mo gbà pé lórí nẹ́tíwọ̀kì tí pákẹ́ẹ̀tì ti máa ń sọnù, bí èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò tí òjò bá dé, pákẹ́ẹ̀tì méjì á sọnù ju ọ̀kan lọ, èèyàn á sì dúró díẹ̀ sí i. Ó wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìkíni yẹn máa ń wáyé nígbà tí wáyà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so, lẹ́yìn ẹ̀ gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà.

Àwọn ọ̀nà post-quantum tó kù ò rí bẹ́ẹ̀. Classic McEliece tí ìpìlẹ̀ ẹ̀ ti wà láti 1978, tí ọkàn mi balẹ̀ sí jù nínú gbogbo wọn tó bá di ti ká fọkàn tán, kọ́kọ́rọ́ gbangba tó kéré jù níbẹ̀ jẹ́ báìtì 261,120, ẹ fojú inú wo kí aápù gbé ìyẹn kó tó bá sáfà sọ̀rọ̀. Ó dára fún ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò nílò kéèyàn máa gbé e kiri, kò dára fún bùráúsà. FrodoKEM wà láàárín, báìtì 9,616 fún èyí tó kéré, Jámánì fẹ́ràn ẹ̀. HQC náà ti wọlé, NIST mú un ní oṣù kẹta ọdún 2025 kó lè jẹ́ àdìmú tí nǹkan bá ṣe Kyber, torí ìṣirò tiẹ̀ yàtọ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn SIKE fún yín dáadáa torí mo rí i pé àwọn tó ń ní ká ju ti tẹ́lẹ̀ nù ò gbọ́ ọ rí.

SIKE ni gbogbo èèyàn ń wò bí arẹwà nínú ìdíje yẹn. Orí èrò tí David Jao àti Luca De Feo gbé jáde ní 2011 ni wọ́n kọ́ ọ lé. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kéré, báìtì 330 fún ẹ̀dà tó kéré jù, kò sẹ́ni tó kéré tó o nínú àwọn tó kù. Ó lọ́ra o, ó lọ́ra ju Kyber lọ gan-an, àmọ́ àwọn èèyàn ní kò burú, ó máa wọ inú pákẹ́ẹ̀tì kan, ìṣòro firewall tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò ní sí. Google àti Cloudflare gbé e sínú Chrome ní 2019, wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn gidi dán an wò. Microsoft fi 50,000 dọ́là lélẹ̀ fún ẹni tó bá lè fọ́ ẹ̀dà kékeré kan nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 2022 tí NIST kéde Kyber, ó ní SIKE náà ń lọ sí ìpele kẹrin kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò sí i, ìyẹn ni pé wọn ò rí àléébù tó tó kí wọ́n lé e.

Oṣù yẹn ò tíì parí. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje náà, Wouter Castryck àti Thomas Decru ní yunifásítì KU Leuven, Bẹ́ljíọ̀m, gbé ìwé jáde, wọ́n fi kọ̀ǹpútà lásán fọ́ ẹ̀dà SIKE tí wọ́n fẹ́ máa lò gan-an, SIKEp434, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ọpọlọ (core) kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n lò. Kò sí quantum níbẹ̀ o! Ohun tí wọ́n ṣe láti fi sá fún kọ̀ǹpútà ọjọ́ iwájú, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló fọ́ ọ. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé irin iṣẹ́ tí wọ́n fi fọ́ ọ kì í ṣe tuntun, ìṣirò tí Ernst Kani ti tẹ̀ jáde ní 1997 ni, ó ti wà lórí pẹpẹ ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó ronú kan SIDH tí SIKE tinú ẹ̀ jáde, ọdún mọ́kànlá kọjá lórí ìyẹn, àwọn tó mọ ìṣirò yẹn àti àwọn tó ń ṣe SIKE ò tíì so méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ṣe SIKE fúnra wọn ló jáde wá sọ pé kẹ́nikẹ́ni má lò ó mọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn fún ìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ni Ward Beullens ti fi láàpútọ́ọ̀pù fọ́ Rainbow tó ti dé ìpele àṣekágbá, ìyẹn jẹ́ ti ìbuwọ́lùwé, kì í ṣe pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, àmọ́ ìdíje kan náà ni.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mò ń lọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn gba inú SIKE kọjá lọ́dún 2019 yẹn, ṣé àṣírí wọn ti tú? Kò tú. Torí pé Google àti Cloudflare ò lo SIKE nìkan, wọ́n so ó mọ́ X25519, wọ́n ṣe àdàpọ̀ kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sínú ara wọn, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fọ́ méjèèjì. Castryck àti Decru fọ́ ọ̀kan, ìkejì ṣì dúró. Ká ní wọ́n ti ju X25519 nù lọ́dún náà torí pé tuntun ti dé ńkọ́? Gbogbo ẹni tó gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ á ti máa kà á lórí láàpútọ́ọ̀pù.

Ẹ lè ní, ìyẹn SIKE, Kyber ńkọ́? Kyber sàn, mo gbà, mò ń lò ó, mo sì ń rọ àwọn èèyàn kí wọ́n lò ó. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní lattice, ti àwọn àmì tó tò bí àwọ̀n, ló dúró lé, ìdílé ẹ̀ ti pẹ́, NTRU tó wà lára wọn ti wà láti 1996, Oded Regev ti gbé LWE, ìṣòro ìṣirò tí Kyber dìrọ̀ mọ́, jáde ní 2005, orí tó mú ló sì ti kọlù ú láti gbogbo ọ̀nà. Àmọ́ ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2024. Yilei Chen ní yunifásítì Tsinghua ní Ṣáínà gbé ìwé kan jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, ó ní òun ti rí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà quantum fi lè yanjú LWE. Kò tíì kan nọ́ńbà tí Kyber ń lò ní tààrà, síbẹ̀ gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí lára wọn ò lélẹ̀, torí ẹni tó bá ti hú ìpìlẹ̀ ilé, òrùlé ò jìnnà sí i mọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi kà á. Hongxun Wu rí àṣìṣe kan ní ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, Thomas Vidick náà dá rí i lọ́tọ̀, Chen gbà, ó kọ ọ́ sójú ìwé náà pé kò ṣeé tún ṣe. Ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́jọ yẹn rán wa létí pé Kyber náà lè já. Quantum ni ọ̀nà Chen ì bá lò, X25519 ò sì lè gbani lọ́wọ́ ìyẹn, àmọ́ tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lásán ló fọ́ Kyber lọ́la bíi ti SIKE, ẹni tó so ó mọ́ X25519 ṣì ní nǹkan tó lè fẹ̀yìn tì.

Ìṣirò nìkan kọ́ ló ń bà á jẹ́ o, kóòdù náà ń bà á jẹ́. Ní ìparí 2023 ni wọ́n rí èyí tí wọ́n sọ ní KyberSlash. Ó wà nínú kóòdù àwòkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe àdàkọ ẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ní kí kọ̀ǹpútà pín nọ́ńbà àṣírí kan sí 3,329, àmì pínpín kan péré, ìlà kan, kẹ́ ẹ sì máa wò ó, lórí àwọn ọpọlọ ẹ̀rọ kan àkókò tí pínpín máa gbà ń yí gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà náà ṣe tóbi sí, ẹni tó bá ń ka àkókò yẹn láti ìta á máa fi í mọ kọ́kọ́rọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dán an wò lórí àwọn ẹ̀rọ Arm kéékèèké, kọ́kọ́rọ́ jáde. Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n fi ìlọ́po rọ́pò pínpín, àmọ́ ẹni tó ti ṣe àdàkọ tẹ́lẹ̀ tí kò padà wá wò ó ńkọ́? X25519 ti la irú èyí kọjá, àwọn kóòdù ẹ̀ ti gbó, wọ́n ti gún un, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Kóòdù tuntun ò tíì jẹ ìyà tó.

Ọ̀rọ̀ ìjọba náà wà níbẹ̀, mi ò sì ní fò ó. Àwọn kan ní tó bá ti jẹ́ NIST àti NSA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ló fọwọ́ sí i, àwọn ò gbà. Wọn kì í ṣe wèrè. NIST ló fọwọ́ sí Dual_EC, ohun tó ń pèsè nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́, lọ́dún 2006, èyí tó jẹ́ pé nígbà tí ìwé àṣírí NSA tí Edward Snowden tú síta jáde ní 2013 gbogbo ayé wá mọ̀ pé NSA ní ọwọ́ nínú ẹ̀, 2014 ni NIST fà á kúrò. Bernstein tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ti bá NIST fa ọ̀rọ̀ gan-an ní 2023, ó ní ìṣirò tí wọ́n fi sọ pé Kyber-512 lágbára tó ò pé, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun náà wà lára àwọn tó ṣe NTRU Prime tó bá Kyber du ipò. Ibi tí èmi dúró sí ni pé ti Kyber ò rí bíi ti Dual_EC, gbangba ni wọ́n ti ṣe é, àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ló ṣe é, ẹni tó fẹ́ sì ti gbìyànjú àtifọ́ ọ. Ẹ kàn má lo 512, ẹ lo 768 tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní kéèyàn lò.

Ìdí nìyẹn tí inú mi ò fi dùn sí bí NSA ṣe ń sọ fún àwọn ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé ML-KEM-1024 nìkan ti tó, pé kò pọn dandan kí wọ́n so ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀. BSI ti Jámánì àti ANSSI ti Faransé, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ààbò kọ̀ǹpútà, ní kéèyàn so ó, àwọn ni mo bá lọ. Ẹni tó bá ti àgádágodo méjì látọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ méjì mọ́ ilẹ̀kùn ò náwó púpọ̀ ju ẹni tó ti ọ̀kan, ní ti àwa gan-an, ohun tó máa ná wa ò ju báìtì 32 lọ àti 32 bọ̀, lórí ẹ̀gbẹ̀rún àti ọgọ́rùn-ún tí Kyber ti gbé wá tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ yọ X25519 kúrò kí nǹkan lè yá, ẹ bi í pé kí lá yá sí.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. OpenSSH, irin iṣẹ́ tí à ń fi wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, ti fi àsopọ̀ sntrup761 (NTRU Prime) àti X25519 ṣe ohun tó ń kọ́kọ́ lò láti ẹ̀dà 9.0 ní oṣù kẹrin ọdún 2022, kí NIST tó mú ẹnikẹ́ni rárá, wọ́n láyà láti bẹ̀rẹ̀ torí wọ́n mọ̀ pé tí tuntun bá já, ti tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀dà 10.0 ní 2025 bọ́ sórí mlkem768x25519, àwọn méjèèjì náà ni. Signal, aápù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, ṣe tiẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2023, Apple kéde ti iMessage ní oṣù kejì 2024, kò sí èyí tó ju ti tẹ́lẹ̀ nù nínú wọn.

Mo ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀gá báńkì wa pàápàá torí àwọn ọlọ́jà ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá gbé àpótí wá tó ní quantum ò lè wọ ọ́, tó sì ní àṣírí iléeṣẹ́ òun ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. SIKE tí gbogbo ayé wò fún ọdún mọ́kànlá já, ká tó wá sọ èyí tẹ́nì kankan ò wò rí. Tó bá ní ML-KEM ni, ẹ ní kó sọ bóyá ó so ó mọ́ nǹkan, kóòdù ta ló lò, ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn lẹ́yìn KyberSlash.

Àwa òǹkàwé lásán náà, ẹ má fi ọ́pdéètì fóònù àti bùráúsà falẹ̀, torí bẹ́ ẹ ṣe wà yẹn ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń lò ó láì mọ̀. Tẹ́ ẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí sáìtì báńkì yín nínú Chrome, ẹ tẹ F12, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Security sí. Tẹ́ ẹ bá rí X25519MLKEM768, báńkì yín ti ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí X25519 nìkan, kò tíì ṣe é, ọ̀rọ̀ yín tó ń kọjá lónìí ṣeé kó pa mọ́ de ọjọ́ iwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sáfà, ẹ tẹ ssh -Q kex, ẹ wò ó bóyá mlkem768x25519 tàbí sntrup761x25519 wà nínú ohun tó máa jáde.

Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe ni pé kẹ́ ẹ bi Báńkì Àpapọ̀ àti NIMC ní gbangba: láàárín àwọn àti gbogbo iléeṣẹ́ tó ń béèrè BVN àti NIN lọ́wọ́ wọn, pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ wo ni wọ́n ń lò, ṣé wọ́n ti so tuntun mọ́ ọn, tí wọn ò bá tíì so ó, ọdún wo ni wọ́n fẹ́ parí ẹ̀? Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ti ní kí ẹni tó kó dátà wa sọ́wọ́ dáàbò bò ó, a lẹ́tọ̀ọ́ sí èsì. Kẹ́ ẹ tẹ èsì wọn jáde bí wọ́n bá ṣe fún yín, tí wọn ò bá sì fèsì, kẹ́ ẹ tẹ ìyẹn náà jáde.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn